Bí Ẹ Ṣe Lè Mú Ajá Wọ Igbó Béárì, Kí Ẹ̀yin Méjèèjì sì Padà Délé

Àṣìṣe tí mo ń rí jù lọ nìyí. Ẹnì kan á dé etí igbó, á ṣílẹ̀kùn ọkọ̀, á tú okùn lọ́rùn ajá rẹ̀, á ní kó máa ṣáájú lọ. Lọ́kàn rẹ̀, ajá ni yóò ṣọ́ òun. Ìtàn tí wọ́n fi tọ́ àwa ọmọ Yorùbá dàgbà náà nìyẹn: ọdẹ ń bẹ lórí igi, àwọn iwin ń fi àáké gé igi náà nídìí, ọdẹ pe Òkémọkéréwú, ó pe Ọ̀sọpàkàgbọ́mọmì, ó pe Ògbálẹ̀gbárawé, àwọn ajá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta já okùn, wọ́n sì gba olówó wọn là.

Nínú igbó Alaska tí mo ń gbé yìí, bó ṣe máa ń rí yàtọ̀. Ajá á rí béárì, á sáré tọ̀ ọ́ lọ, á máa gbó o, á fẹ́ bù ú jẹ lẹ́yìn. Béárì á yíjú padà. Ẹ̀rù á ba ajá, á sì fi eré padà sọ́dọ̀ ẹni tó gbójú lé láyé, béárì á tẹ̀ lé e bọ̀. Ẹ̀yin ni ẹni tó gbójú lé.

Ó ṣẹlẹ̀ sí mi rí, ní etí odò kan ní Kenai Peninsula, nírọ̀lẹ́, lásìkò tí ẹja sámọ́nù ń gòkè odò. Mo ti tú okùn Ṣọ́lé, ajá mi. Mo kọ́kọ́ gbọ́ igi wẹ́wẹ́ tó ń ṣẹ́, lẹ́yìn náà ni Ṣọ́lé yọ, etí rẹ̀ lẹ̀ mọ́ orí, ìrù rẹ̀ wà láàrin itan, béárì ńlá kan sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Agolo ata tí mo fi ń lé béárì wà nínú báàgì ẹ̀yìn, lábẹ́ aṣọ òjò. Béárì náà fúnra rẹ̀ ló dúró níwọ̀n mítà mẹ́wàá, ó fín imú kíkankíkan, ó sì yà sínú igbó. N kò ṣe ohunkóhun tó gbà wá. Gbogbo ohun tí mo kọ sísàlẹ̀ yìí ni mo kọ́ lẹ́yìn ọjọ́ náà.

Stephen Herrero, ọ̀jọ̀gbọ́n tó fi ọ̀pọ̀ ọdún kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìwà béárì ní Kánádà, àti Hank Hristienko yẹ àkọsílẹ̀ ìkọlù béárì dúdú wò, wọ́n sì rí i pé ajá wà nínú èyí tó ju ìdajì wọn lọ. Ọ̀pọ̀ àwọn ajá náà ni kò sí lórí okùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn bí ẹ ṣe ń kà á lọ.

Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ ní lọ́wọ́ kí ẹ tó kúrò nílé

Agolo ata béárì ni àkọ́kọ́. Bear spray ni wọ́n máa ń kọ sára rẹ̀. Kì í ṣe ata kékeré tí àwọn èèyàn ń fi sínú pọ́ọ̀sì nítorí olè. Ìyẹn kì í rìn jìnnà, kì í sì í pẹ́ tán. Agolo tó yẹ máa ń ní nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ EPA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí àyíká, lára. Kó wúwo tó gíráàmù 225 ó kéré tán, kí oró ata inú rẹ̀ wà láàrin ìdá 1 sí 2 nínú ọgọ́rùn-ún, kó lè tú jáde fún ìṣẹ́jú àáyá 6, kó sì dé nǹkan bíi mítà 8. Agolo kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó mú ajá dání, kó mú méjì. Ẹ wo ọjọ́ tí agbára rẹ̀ máa tán, tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Wọn kì í jẹ́ kó wọ bàlúù, ì báà jẹ́ lọ́wọ́ tàbí nínú ẹrù, nítorí náà ibi tí ẹ bá sọ̀ sí ni kí ẹ ti rà á.

Àwọn yòókù:

- àpò agolo tó ń so mọ́ àyà tàbí ìgbáròkó, tí ọwọ́ kan lè yọ agolo jáde nínú rẹ̀;
- okùn ajá tí kò gùn ju ẹsẹ̀ bàtà 6 lọ, ìyẹn bíi mítà 1.8, tó nípọn. Ẹ fi èyí tó ń ká ara rẹ̀ wọnú ike sílẹ̀ nílé;
- bẹ́líìtì àyà fún ajá, tó ní ibi tí èèyàn lè dì mú lẹ́yìn;
- ike líle tí béárì kò lè ṣí, fún oúnjẹ tiyín àti ti ajá. Ẹ wá èyí tí Interagency Grizzly Bear Committee, ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ béárì, fọwọ́ sí;
- ẹ̀rọ tó ń fi sátẹ́láìtì ránṣẹ́, nítorí fóònù kò ní í rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì;
- bándéèjì, okùn tí wọ́n fi ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, ìgò omi iyọ̀ tí wọ́n fi ń fọ ojú, ọṣẹ ìfọbọ́ olómi, àti omi tó ju èyí tí ẹ máa mu lọ.

Ẹ tún ra agolo ìdánrawò kan, èyí tí kò ní ata nínú. Ọ̀pọ̀ èèyàn kì í rà á, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa tẹ agolo sì máa ń jẹ́ ìgbà tí béárì ń bọ̀.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ mọ ibi tí ajá lè dé, kí ẹ sì mọ béárì tó wà níbẹ̀

Ní Yellowstone àti Glacier, tí wọ́n jẹ́ ọgbà igbó ìjọba Amẹ́ríkà, ajá kò gbọdọ̀ tẹ ojú ọ̀nà ẹsẹ̀ rárá. Ní Denali, ọgbà irú wọn ní Alaska, ojú títì, ibùdó ọkọ̀, ibùdó ìpàgọ́ àti ọ̀nà ẹsẹ̀ díẹ̀ ló mọ. Àwọn igbó ìjọba bíi Chugach National Forest máa ń gba ajá, ṣùgbọ́n òfin ibì kan yàtọ̀ sí ti ibòmíràn, kódà ọ̀nà kan sí òmíràn nínú igbó kan náà. Ẹ pe ọ́fíìsì wọn. Ẹ béèrè ohun méjì: ṣé ajá lè wọlé, ṣé wọ́n ti rí béárì níbẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí?

Béárì méjì ló kàn yín. Èyí tí wọ́n ń pè ní brown bear tàbí grizzly, èmi máa ń pè é ní béárì abuké, nítorí iké ńlá tó wà láàrin èjìká rẹ̀. Etí rẹ̀ kúrú, ó rí roboto, ojú rẹ̀ tẹ̀ wọnú díẹ̀ láàrin iwájú orí àti imú, èékánná ọwọ́ rẹ̀ sì gùn tó ìka èèyàn. Béárì dúdú kò ní iké. Etí rẹ̀ ga, imú rẹ̀ lọ tààrà.

Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣìnà ni àwọ̀. Béárì dúdú lè pọ́n bí ilẹ̀ amọ̀, béárì abuké sì lè ṣókùnkùn bí èédú. Èjìká ni kí ẹ wò.

Àyẹ̀wò: ẹ ṣí fọ́tò béárì mẹ́wàá lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sọ irú tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ kí ẹ tó ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀. Tí ẹ bá ṣì méjì, ẹ tún un ṣe lọ́la.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ kọ́ ajá nílé, ní oṣù méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú

Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Òórùn béárì a máa di ajá létí, kódà ajá tó gbọ́ràn. Nítorí náà, ìdí tí ẹ fi ń kọ́ ọ kì í ṣe kí ẹ lè tú u sílẹ̀. Ẹ ń kọ́ ọ nítorí ọjọ́ tí okùn bá já mọ́ yín lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni mo fi kọ́ Ṣọ́lé, Yorùbá sì ni gbogbo wọn. “Wá!”, kó padà sọ́dọ̀ mi láìwo ẹ̀yìn. “Ẹ̀yìn!”, kó bọ́ sí ẹ̀yìn ẹsẹ̀ mi kó dúró síbẹ̀. “Dákẹ́!”, kó pa ẹnu mọ́. “Ẹ̀yìn” ló ṣe pàtàkì jù, òun sì ni àwọn èèyàn kì í kọ́ ajá wọn. Bí ajá bá wà níwájú yín nígbà tí béárì ń wò yín, òun gan-an ló ń fa ìjà. Bó bá wà lẹ́yìn ẹsẹ̀ yín tó dákẹ́, béárì á rí ohun kan ṣoṣo, tó tóbi, tó dúró jẹ́ẹ́.

Ẹ fi okùn gígùn bíi mítà 10 bẹ̀rẹ̀ ní pápá. Nígbà tó bá ti mọ ọ́n, ẹ fi ohun tó wù ú dán an wò: ọ̀kẹ́rẹ́, ajá ẹlòmíràn, ẹran yíyan lórí koríko. Ẹ san án fún un ní gbogbo ìgbà tó bá padà, ẹ má sì lù ú nígbà tó bá pẹ́ kó tó dé. Ajá tí wọ́n lù nítorí pé ó pẹ́, lọ́jọ́ mìíràn kò ní í wá rárá.

Ẹ lè ti rí àwòrán àwọn ajá Karelian, dúdú òun funfun, tí àwọn òṣìṣẹ́ fi ń lé béárì kúrò láàrin ìlú. Carrie Hunt ló dá ilé iṣẹ́ Wind River Bear Institute sílẹ̀ lọ́dún 1996 fún iṣẹ́ yìí. Wọ́n máa ń yan àwọn ajá yẹn láti kékeré, wọ́n ń kọ́ wọn fún ọ̀pọ̀ oṣù, akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ ló sì ń darí wọn. Ajá tó ń sùn lórí àga yín nílé kò sí lára wọn. Ẹ má ṣe rán an níṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ.

Àyẹ̀wò: ẹ fi ẹran yíyan sílẹ̀ ní mítà márùn-ún sí ajá, kí ẹ pe “Wá!” Tó bá padà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá nínú mẹ́wàá, ẹ ti múra tán. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ kò tó.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ kọ́ ọwọ́ ara yín

Ní ọdún 2008, Tom Smith, Herrero àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ ìwádìí jáde lórí ìgbà tí àwọn èèyàn lo ata béárì ní Alaska láàrin ọdún 1985 sí 2006. Ata náà dá béárì abuké dúró ní ìgbà 92 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹni 98 nínú ọgọ́rùn-ún tó mú un dání tí béárì sì sún mọ́ wọn ni kò fara pa. Ohun tí ọwọ́ ìyá arúgbó lè tẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n kò lè ṣe é látinú báàgì.

Ẹ so àpò agolo mọ́ àyà, ní ibi tí okùn báàgì kò ti ní í bò ó. Ọwọ́ òsì ni kí okùn ajá wà, ọwọ́ ọ̀tún fún agolo. Tí ẹ bá jẹ́ ọlọ́wọ́ òsì, ẹ yí i padà. Ẹ má wé okùn mọ́ ọrùn ọwọ́, ẹ má sì so ó mọ́ ìbàdí bí àwọn tó ń bá ajá sáré ṣe ń ṣe. Ajá tó bá fò sí béárì lẹ́ẹ̀kan á dojú yín bolẹ̀, ẹni tó dojú bolẹ̀ kò sì rí ibi tó máa fín ata sí.

Bí ọwọ́ á ṣe ṣe é nìyí. Ẹ fa agolo yọ. Ẹ fi àtàǹpàkò ti ike kékeré tó dènà bọ́tìnnì náà sẹ́yìn títí tó fi máa já kúrò. Ó máa ń le ju bí ẹ ṣe rò lọ, ó sì máa ń dún “tá”. Ẹ na apá. Ẹ dojú agolo kọ ìsàlẹ̀ díẹ̀, sí iwájú àyà béárì, kì í ṣe òkè orí rẹ̀, nítorí ata náà máa ń tú jáde bí èéfín, ó sì máa ń gòkè. Ẹ tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá méjì, ẹ wò ó, ẹ tún tẹ̀ ẹ́.

Ẹ fi agolo ìdánrawò ṣe èyí nínú ọgbà, pẹ̀lú ajá lórí okùn, kí òun náà lè mọ ariwo agolo. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo ṣe é, Ṣọ́lé fò sẹ́yìn débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ já okùn gbà lọ́wọ́ mi. Ó sàn kí ẹ mọ ìyẹn nínú ọgbà.

Ìkìlọ̀ méjì. Àkọ́kọ́, ẹ má fín ata sára àgọ́ tàbí aṣọ bí èèyàn ṣe ń fín oògùn ẹ̀fọn. Ìgbà tó bá wà lójú béárì nìkan ló ń lé e. Tó bá gbẹ sára nǹkan, òórùn rẹ̀ máa ń fa béárì wá. Ìkejì, ẹ má fi agolo sílẹ̀ nínú ọkọ̀ nínú oòrùn. Tí ooru bá kọjá ìwọ̀n 49 lórí òṣùwọ̀n Celsius, ó lè bú.

Àyẹ̀wò: ẹ ní kí ẹnì kan dúró lẹ́yìn yín kó pàtẹ́wọ́ lójijì. Kó tó ka ení, èjì, ẹ̀ta, kí agolo ti máa tú jáde, kí okùn ajá sì ṣì wà lọ́wọ́ yín.

Ìgbésẹ̀ 4: Lójú ọ̀nà

Ọ̀pọ̀ béárì á yà fún yín tí wọ́n bá mọ̀ pé ẹ ń bọ̀. Èyí tó léwu jù ni èyí tí ẹ ṣàdédé yọ sí, pàápàá abo tó ní ọmọ, tàbí èyí tó ń jẹ òkú ẹran. Nítorí náà, ẹ máa fọhùn. Aago kékeré tí wọ́n ń so mọ́ báàgì kò tó. Ohùn rẹ̀ kéré, omi odò á bò ó mọ́lẹ̀. Ohùn èèyàn ni béárì mọ̀.

Ní tèmi, “Àgò o! Ẹ yà fún wa o!” ni mo máa ń ké ní gbogbo ibi tí ọ̀nà bá ti yí kọ́nà, ní gbogbo ibi tí ewé bá ti dí, àti létí odò. Láàrin méjì, mo máa ń ki oríkì ìdílé wa sókè, bí ìyá mi ṣe máa ń kì í láàárọ̀. Ó gùn, ó ń ròkè, ó ń rodò, kì í sì í sú mi bíi pé kí n máa ké gbólóhùn kan ṣoṣo.

Atẹ́gùn ṣe pàtàkì. Tó bá ń fẹ́ wá sójú yín, béárì iwájú kò lè gbọ́ òórùn yín, ẹ gbóhùn sókè sí i. Tó bá ń fẹ́ láti ẹ̀yìn yín lọ, òórùn yín àti ti ajá ti ṣáájú yín débẹ̀.

Ẹ máa wo ilẹ̀ àti òkè. Ìgbẹ́ béárì tó kún fún hóró èso bẹ́rì, ilẹ̀ tí wọ́n hú, igi tí èékánná bó léèpo, irun tó lẹ̀ mọ́ oje igi. Tí ẹ bá rí ọ̀pọ̀ ẹyẹ ìwò tó ń yí po lókè ibì kan, tàbí tí òórùn òkú bá kàn yín nímú, ẹ padà, ẹ gba ibi tí ẹ gbà wá. Ẹ má ní kí ẹ kàn yọjú wò ó. Béárì máa ń bo òkú ẹran tó bá rí mọ́lẹ̀, á sì sùn tì í.

Ẹ sì máa wo ajá. Ẹ̀bùn tí ajá ní nìyí, tí ẹni tó ti tú okùn rẹ̀ kì í rí gbà: kí ẹ tó gbọ́ ohunkóhun, á ti gbọ́ ọ. Ṣọ́lé máa ń dúró gbagidi, ẹsẹ̀ iwájú kan lókè, irun ẹ̀yìn rẹ̀ á dìde láti ọrùn dé ìdí ìrù, imú rẹ̀ á máa ṣiṣẹ́ kíákíá láìsí ariwo. Tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, èmi náà á dúró. Mo máa ń fa okùn kúrú, mo máa ń gbé ọwọ́ lé agolo, mo máa ń sọ̀rọ̀ sókè, mo sì máa ń dúró títí irun yẹn á fi sùn padà. Bí kò bá sùn, a máa ń padà.

Ẹ má rin ní ìdájí, ní ìrọ̀lẹ́, tàbí lóru tí ẹ bá lè yẹra fún un. Ẹ rìn ní mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ẹ sì jọ wà pa pọ̀.

Àyẹ̀wò: nígbàkígbà tí ẹ bá jókòó sinmi, ẹ bi ara yín léèrè ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá, kí ẹ sì fi ọwọ́ kan agolo láìwò ó. Tí ọwọ́ bá wá a kiri, ẹ tún àpò náà so.

Ìgbésẹ̀ 5: Ibi tí ẹ máa sùn

Ẹ yan ibi mẹ́ta tó jìnnà síra ní mítà 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀: ibi àgọ́, ibi ìdáná, ibi ìpamọ́ oúnjẹ. Àgọ́ ni kó wà ní ìhà tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá, kí òórùn ọbẹ̀ má bàa gba orí yín kọjá. Ẹ má pàgọ́ sí etí odò ẹja, sí ojú ọ̀nà ẹranko, tàbí sí àárín èso bẹ́rì.

Oúnjẹ ajá ni ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣubú. Wọ́n á ti tiwọn sínú ike líle, wọ́n á fi àpò oúnjẹ ajá sílẹ̀ lẹ́nu àgọ́, abọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rá lára á wà níta di àárọ̀. Lójú béárì, oúnjẹ ajá dára ju tiyín lọ, ó kún fún ọ̀rá àti ẹran. Ibi ìdáná ni kí ajá ti jẹun. Ẹ kó ohun tó bá ṣẹ́ kù, ẹ fọ abọ́, ẹ nu ẹnu ajá, kí ẹ sì ti gbogbo rẹ̀ sínú ike pẹ̀lú ọṣẹ yín, ọṣẹ ìfọyín, ìpara, àti ìdọ̀tí. Aṣọ tí ẹ fi dáná, ẹ má wọ̀ ọ́ sùn.

Níbi tí igi bá ga, ẹ lè fa oúnjẹ sókè: mítà 3 sílẹ̀, kó sì jìnnà sí ara igi ní mítà 1.2. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ òkè Alaska, igi kò ga ju èèyàn lọ. Ike líle ló kù.

Ajá á bá yín sùn nínú àgọ́, lórí okùn. Mo ti rí ẹni tó so ajá mọ́ igi níta kó lè “ṣọ́nà”. Ajá tí wọ́n so mọ́lẹ̀ kò lè jà, kò sì lè sá. Tí ẹ bá máa pẹ́ níbẹ̀ ju ọjọ́ kan lọ, wáyà oníná tó ń lo bátìrì wà tí wọ́n ń fi yí àgọ́ ká. Ó fúyẹ́, èmi kì í sì í lọ ibi odò ẹja láìsí i. Ẹ jẹ́ kí ajá mọ ibi tó wà kí ẹ tó tan án.

Àyẹ̀wò: kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ rìn yí àgọ́ ká, ẹ fa imú. Ẹ wo àpò ẹ̀wù ajá àti tiyín fún bísíkíìtì tó fara pamọ́. Agolo ata méjèèjì àti tọ́ọ̀ṣì gbọ́dọ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ orí yín.

Ìgbésẹ̀ 6: Béárì rèé

Tó bá jìnnà tí kò sì tíì rí yín: ẹ fa okùn kúrú, “Ẹ̀yìn”, ẹ padà jẹ́jẹ́. Ẹ má yọ fóònù láti ya fọ́tò. Òfin Yellowstone ní kí èèyàn jìnnà sí béárì ní yáàdì 100, ìyẹn bíi mítà 91, ìwọ̀n náà sì dára níbi gbogbo.

Tó bá ti rí yín: ẹ dúró. Ẹ má sáré. Béárì lè sáré tó kìlómítà 50 ní wákàtí kan. Usain Bolt kò lè sá fún un. Ẹ má gun igi, béárì dúdú mọ igi gùn ju yín lọ. Ajá wà lẹ́yìn ẹsẹ̀ yín, agolo ti wà lọ́wọ́, ike ìdènà ti kúrò. Ẹ bá béárì sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ohùn ìsàlẹ̀, bí ẹni ń pẹ̀tù sí àgbàlagbà tínú ń bí. Ẹ máa fi ẹ̀gbẹ́ rìn padà díẹ̀díẹ̀. Tó bá tẹ̀ lé yín, ẹ dúró.

Béárì tó bá fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn dúró, ó fẹ́ mọ ohun tí ẹ jẹ́ ni; kì í ṣe ìjà. Èyí tó ń fi eyín lu eyín, tó ń mí hẹ̀-hẹ̀-hẹ̀, tó ń da itọ́, tó ń fi ọwọ́ gbá ilẹ̀, inú ń bí i, ẹ ti sún mọ́ ọn jù. Ẹ fi àyè sílẹ̀ fún un. Èyí tó dákẹ́, tó tẹ orí ba, tó ń tẹ̀ lé yín láìwo ibòmíràn, ìyẹn ló yẹ kó bà yín lẹ́rù jù. Ẹ pariwo mọ́ ọn, ẹ sọ ara yín di ńlá, ẹ jọ fara mọ́ra. Bí ẹ ṣe máa ṣe sí béárì dúdú náà nìyẹn tó bá kọ̀ tí kò lọ.

Tó bá sáré bọ̀: ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ okùn ajá mọ́lẹ̀ kí ọwọ́ méjèèjì lè ṣiṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ìgbà, béárì á dúró lójijì tàbí á yà kọjá, ṣùgbọ́n ẹ má dúró wò ó bóyá ẹ̀tàn ni. Nígbà tó bá ku mítà 10 sí 15, ẹ tẹ agolo, kí ìkùukùu ata wà láàrin yín, kó sáré wọnú rẹ̀. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ títí á fi yà. Lẹ́yìn náà, ẹ kúrò níbẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ rírìn.

Bí ajá bá ti já lọ: ẹ pe “Wá!” lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, ẹ má sì sáré tọ̀ ọ́. Ẹ dúró pẹ̀lú agolo lọ́wọ́, nítorí ó ń padà bọ̀ pẹ̀lú ohun tó lọ rí. Tí béárì bá ti di ajá mú ní ibi tí ata lè dé, ẹ fín in sí àwọn méjèèjì. Ata á dun ajá, ṣùgbọ́n á yè é. Ẹ má fi ara yín sí àárín wọn. Mo fẹ́ràn Ṣọ́lé bí ọmọ, mo sì ń sọ ọ́ pẹ̀lú ìrora: tí béárì bá ti wà lórí ajá, ẹ tú okùn sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 7: Tí ó bá kàn yín lára

Béárì abuké tí ẹ yọ sí lójijì, tàbí tó ń gbèjà ọmọ: tó bá ti fọwọ́ kàn yín, kì í ṣe ṣáájú, ẹ dojú bolẹ̀, ẹ fi ìka wọ ìka lẹ́yìn ọrùn, ẹ la ẹsẹ̀ gbòòrò kó má bàa yí yín padà. Ẹ má bọ́ báàgì kúrò lẹ́yìn yín, òun ni asà. Ẹ má mira. Tó bá lọ, ẹ ṣì dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló máa ń dúró nítòsí wo bóyá ẹ máa dìde.

Béárì dúdú: ẹ jà. Òkúta, igi, ọ̀bẹ, ẹ̀ṣẹ́. Imú àti ojú rẹ̀ ni kí ẹ dojú kọ. Béárì èyíkéyìí tó bá wá bá yín nínú àgọ́ lóru, tàbí tó ti ń tọpa yín, ẹ bá a jà. Ìyẹn kì í gbèjà ara rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 8: Lẹ́yìn rẹ̀

Ẹ kúrò níbẹ̀ kí ẹ tó tọ́jú ohunkóhun tó lè dúró. Ẹ̀jẹ̀ kò lè dúró: ẹ tẹ ojú egbò mọ́lẹ̀ pẹ̀lú aṣọ, ẹ fi okùn tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró di apá tàbí ẹsẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ bá ń tú jáde lára rẹ̀, kí ẹ sì tẹ bọ́tìnnì ìrànlọ́wọ́ lórí ẹ̀rọ sátẹ́láìtì.

Ata lójú ajá: ẹ má jẹ́ kó fi ọwọ́ ra á, ẹ má sì lo òróró. Ẹ fi omi iyọ̀ tàbí omi tútù tó mọ́ ṣàn án lójú fún ìṣẹ́jú 10 sí 15, kí omi náà máa ṣàn síta kúrò ní imú rẹ̀. Irun ara rẹ̀ ni kí ẹ fi ọṣẹ ìfọbọ́ fọ̀, kí ọṣẹ má kan ojú. Ẹ dí i lọ́wọ́ kó má lá ara títí á fi gbẹ. Á máa sin, á máa da itọ́, ó sábà máa ń lọ sílẹ̀ láàrin wákàtí kan.

Ẹ wá fi ìka wọ abẹ́ irun rẹ̀, láti ọrùn dé ìrù, díẹ̀díẹ̀. Eyín béárì máa ń dá ihò tó kéré bí orí ìṣó sí ara, irun á bò ó, ṣùgbọ́n ẹran tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ á ti ya. Ibi tí ajá bá ti fa ara padà, tàbí tí ìka yín bá tutù mọ́ ẹ̀jẹ̀, ibẹ̀ ni. Ẹ má rán an, ẹ má lẹ̀ ẹ́ pa. Ẹ fi omi ṣàn án, ẹ fi bándéèjì bò ó, kí dókítà ẹranko rí i lọ́jọ́ náà gan-an, kódà tó bá ń ju ìrù.

Ẹ pe Alaska Department of Fish and Game, tàbí ọ́fíìsì irú rẹ̀ níbi tí ẹ bá wà, kí ẹ sọ ibi àti àsìkò tó ṣẹlẹ̀, kí ẹni tó ń bọ̀ lọ́la má bàa bá ọ̀nà náà wọlé. Agolo tí ẹ bá ti tẹ̀, ì báà jẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹ má gbé e padà sọ́nà. Èyí tuntun ni kó wà láyà yín kí ẹ tó tún so okùn mọ́ ajá.